Àna Ń Ṣọ́ Àna

Olúdayọ̀ ọmọ mi,

Ìyá rẹ, Susanna, kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde ọdún tó kọjá. Mo mọ̀ pé o mọ̀. O wà níbẹ̀ nígbà tí a sin ín, erùpẹ̀ ṣì wà lára bàtà rẹ nígbà tó o wọkọ̀ padà sí Àbújá. Ṣùgbọ́n mo ní kí Tíṣà Zacchaeus, ayálégbé mi ará Èkìtì tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, fi ikú náà ṣáájú, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹ̀ wá. Ká ní ìyá rẹ wà ni, òun ni ì bá lọ ṣe iṣẹ́ tí mo lọ ṣe, ì bá sì ṣe é tí ẹnikẹ́ni kò ní fura.

Tíṣà ní lẹ́tà kì í bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó ní ìkíni ló ń ṣáájú. Ó dáa. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ara ìyàwó rẹ ńkọ́, ara àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ àbí wọ́n ṣì ń wo ènìyàn lẹ́nu bí ẹni ń wo rédíò? Olúwa tó mú ìyá rẹ lọ láìbi mí, ó jẹ mí ní gbèsè, kó máa fi ẹ̀yin ọmọ san án. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ohun tó o bá fọwọ́ rẹ gbé, kò ní jábọ́ lójú ọ̀tá. Àmín. Mo ti kí ọ.

Ilé wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, àfi yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Tíṣà, tó ṣófo, tí òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ tiwa yìí kò tíì ṣeé rìn, ẹni tó bá ra ọkọ̀ tuntun níbí, ọdún kan ni, ọkọ̀ náà á dàgbà jù ú lọ. Wọ́n ti kọ́lé sórí gbogbo ibi tí mo gbin ẹ̀gẹ́ sí nígbà tó o wà ní kékeré. Àwọn tó ń kọ́lé náà máa ń bi mí pé ọdún wo ni mo wá sí Èkó. Mo máa ń sọ fún wọn pé èmi kò wá sí Èkó rí. Oko ni mo wá dá ní Ayọ̀bọ̀, ọ̀bọ ló ń bá mi pín àgbàdo. Èkó ló rìn wá bá mi nílé, tó jókòó láìkí mi, tó wá ń bi mí pé ìwé ilẹ̀ mi dà.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ Olúwaṣìkẹ́mi ló mú mi kọ̀wé. Ọkùnrin kan ń fẹ́ ẹ, Olúwakáyọ̀dé lorúkọ rẹ̀, Ìdímù ni ilé wọn wà, iṣẹ́ báǹkì ló ń ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi í hàn ọ́ lórí fóònù. Wọ́n fi í han èmi náà. Ìdajì iwájú orí àti ojú kan ni mo rí, ó ń kí mi, ó wá dákú síbẹ̀ tòun ti ẹnu lílà. Ṣìkẹ́mi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní ṣé ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń há sílẹ̀ báyìí ni mo fẹ́ fi ọmọ fún. Òun náà kò rí mi o, torí pé etí ni mo gbé fóònù sí ní gbogbo ìgbà tó fi ń wò mí. Ṣìkẹ́mi ní ihò etí mi nìkan ni ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún.

O mọ̀ pé nílé tiwa, a kì í fi ọmọ fún ènìyàn bẹ́ẹ̀ láìwádìí. Kí alárenà tó dé, kí ẹnikẹ́ni tó tọrọ ẹnikẹ́ni, ìfojúsóde ló ń ṣáájú. Wọ́n á lọ wò bóyá wèrè wà nínú ìdílé náà, bóyá wárápá wà, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń na ìyàwó. Gbogbo àdúgbò yìí ló mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí tó ìyá rẹ. Á gbé ọṣẹ dúdú karí, á lọ sí ojúlé wọn, á jókòó síbi tí wọ́n ti ń pọn omi, á máa dúnàádúrà ọṣẹ tí kò fẹ́ tà. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti mọ ẹni tó ń sunkún nínú ilé náà àti ẹni tó ń pa á lẹ́kún. Ó wá ní ọgbọ́n kan tó gbẹ́kẹ̀ lé ju gbogbo ẹ̀ lọ. Á dúró dé ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, á bú u láìṣẹ̀ láìrò, á wo ohun tó máa fi fèsì. Ó ní ọkùnrin tó bá lè gba èébú lẹ́nu arúgbó tí kò mọ̀ rí, kò ní na ọmọ ẹni nítorí iyọ̀ ọbẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n fi pè é nídìí iṣẹ́ yìí kò lóǹkà. Àwọn tí ìyá rẹ bá bá yọ ọmọ wọn nínú ewu á ní olùwádìí ni, wọ́n á gbé iṣu wá. Àwọn tí ìgbéyàwó wọn bá tú ká á ní olófòófó ni, atojúbọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ní Sí-Áì-Dì ni. Pásítọ̀ pè é ní amí ní gbangba ìjọ, ó ní bíi ti àwọn méjì tí Jóṣúà rán lọ sí Jẹ́ríkò, ó rò pé òun yìn ín. Ìyá rẹ kò dá a lóhùn fún ìgbà pípẹ́, torí ó mọ irú ilé tí àwọn amí méjì náà sùn sí. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ o. Bó bá ṣe bá oníkálukú ló ṣe ń sọ ọ́ lórúkọ.

Nígbà tí mo ní mo fẹ́ lọ wádìí Káyọ̀dé, ìwọ ni o ní kí n jókòó, o ní ayé ti lajú, o ti bá aṣèwádìí aládàáni kan sọ̀rọ̀ ní Ìkọ̀tún. Mo bi ọ́ pé kí ni ìyàtọ̀ òun àti ìyá rẹ. O ní òun ní ọ́fíìsì.

Rídwàn lorúkọ aṣèwádìí rẹ. Ó wọ gíláàsì dúdú wọ pálọ̀ mi tí kò níná, ó sì forúnkún kọlu tábìlì. Ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó kọ orúkọ mi sí ibi tí wọ́n ń pè ní oníbàárà, ó kọ ti Káyọ̀dé sí àfurasí. Mo ní àna ni, kì í ṣe àfurasí. Ó ní níbi iṣẹ́ àwọn, bákan náà ni. Mo rò ó títí, mi ò rí ibi tó ti purọ́. Ó wá ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti ń tẹ̀lé Káyọ̀dé lórí fóònù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àti pé òun nìkan kọ́, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń tẹ̀lé e. Mo pariwo. Mo ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń tẹ̀lé ọkùnrin kan, kò sì bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irú ọkàn wo ló ní? Ó ní inú rẹ̀ ń dùn sí i ni, ó tún fẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i. Mo ní ọ̀ràn yìí ju aṣèwádìí lọ.

Rídwàn gbé ọkọ̀ dúdú lọ sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò Káyọ̀dé ní Ìdímù. Gíláàsì ọkọ̀ náà dúdú bíi ti ojú rẹ̀. Ó jókòó sínú rẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Kí lo rò pé ó ṣẹlẹ̀? Àwọn lánlọ́ọ̀dù ní ajínigbé ni. Wọ́n fà á jáde, wọ́n bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ó ní aṣèwádìí aládàáni lòun. Wọ́n ní ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́, ó ní àṣírí ni. Ẹ̀bẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Ó fi ìwé ìwádìí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, Tíṣà sì kà á fún mi. Àfurasí jáde nílé. Àfurasí wọ báǹkì. Àfurasí jáde ní báǹkì. Àfurasí ra búrẹ́dì. Àfurasí wọlé. Mo ní dúró ńbẹ̀, búrẹ́dì náà, ta ló fún jẹ? Tíṣà yí ìwé síwá sẹ́yìn, ó ní kò sí níbẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ ì bá kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi ni mo máa ṣe é.

Mo kọ́kọ́ gba Ẹ̀gbẹ́dá lọ, kí n fojú ara mi rí i pé òṣìṣẹ́ báǹkì ni lóòótọ́, kì í ṣe ẹni tó ń so táì mọ́rùn láti máa fẹ́ ọmọ ẹni kiri. Báǹkì náà ní ilẹ̀kùn kan tó rí bí ìgò, ènìyàn kan ṣoṣo ló ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan. Mo wọ inú rẹ̀, ó pa mí dé, kò ṣí iwájú. Obìnrin kan sọ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí mi ò ti rí ẹnikẹ́ni. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ ní kí n padà, ó ní irin wà lára mi. Mo kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn kọ̀. Mo yọ ọ̀bẹ tí mo fi ń ha ìgbálẹ̀, ọlọ́dẹ sá sẹ́yìn, ilẹ̀kùn tún kọ̀. Mo tú bẹ́líìtì, mo fọwọ́ di ṣòkòtò mú. Ilẹ̀kùn kọ̀. Mo ní ilẹ̀kùn yìí gan-an ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, tí kò bi ènìyàn ní ìbéèrè kan tó fi mọ ohun tó gbé sára. Ó wá ku òrùka ìyá rẹ tí mo fi okùn so mọ́ àyà. Ọlọ́dẹ ní bàbá, ó lè jẹ́ ìyẹn náà, ẹ yọ ọ́. Mo ní kí wọ́n máa gbé báǹkì wọn lọ. Mo so bẹ́líìtì mi, mo wálé.

Kí n tó lọ sí Ìdímù ni obìnrin kan wá béèrè yàrá tó ṣófo. Obìnrin sísanra ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo fi yàrá hàn án. Kò wo òkè, kò rí ibi tó ń jò. Kò béèrè iye tá a ń gbà. Ohun tó ń bi mí ni pé bàbá, ọmọ mélòó lẹ bí, níbo ni wọ́n wà, ṣé gbogbo wọn ló ṣe dáadáa, ìyàwó yín ńkọ́. Mo ní ìyàwó mi kò jìnnà, ó wà lẹ́yìnkùlé, kó lọ kí i, pé kò fẹ́ràn ayálégbé aláriwo. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná lọ, mò ń gbọ́ tó ń wí pé ẹ kú ilé o, mà, ẹ kú ilé. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ibojì ìyá rẹ ló bá, àti ife tíì tí mo gbé sórí rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, tí kò tíì tutù. Ìyá rẹ kì í ṣe ẹni tó ń jí láìmu tíì, ìwọ náà mọ̀. Nígbà tí obìnrin náà padà dé, ojú rẹ̀ ti yí. Ó ní yàrá dáa, yàrá dáa púpọ̀, òun ń bọ̀ wá sanwó. Tíṣà sìn ín dé géètì.

Ohun tí Tíṣà sọ fún un ní géètì, ẹ̀yìn náà ni mo tó gbọ́. Ó ní kí obìnrin náà má jáyà, pé onílé rere ni mí, pé kò sí ohun tó ṣe mí ju pé mo máa ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ láràárọ̀, àti pé ìgbà mìíràn wà tí a máa ń jà. Tíṣà yìí náà ló ń kọ ohun tí mò ń sọ yìí. Ó ti ń làágùn. Ó ti bẹ̀ mí kí n fò ó. Kọ ọ́, Tíṣà.

Nígbà tó di ọjọ́ tó wù mí, mo ha ìgbálẹ̀, mo gbé e lé èjìká, mo wọkọ̀ lọ sí Ìdímù. Ọkùnrin kò lè máa ta ọṣẹ dúdú kiri, ìgbálẹ̀ ló bá mi mu. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọkanáísà kan lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ mi, iṣẹ́ ìyá rẹ kò rọrùn. Kò tíì pẹ́ tí mo jókòó tí fọkanáísà ti bi mí pé bàbá, ṣé ìgbálẹ̀ lẹ̀ ń tà ni àbí ọ̀rọ̀ lẹ̀ ń gbá jọ. Obìnrin tó ń ta káàdì fóònù lápá kejì ní kó fi mí sílẹ̀ jàre, ó ní Sí-Áì-Dì ni mí, ìjọba ti gba àwọn arúgbó síṣẹ́. Lánlọ́ọ̀dù kan tó ń kọjá ní kí wọ́n ṣọ́ra, ó ní ọkọ̀ dúdú ló kọ́kọ́ wá, ìgbálẹ̀ ló tún dé yìí, ó lè jẹ́ amí àwọn ajínigbé. Obìnrin oníkáàdì ní ajínigbé wo ló máa rán irú eléyìí níṣẹ́, ta ló lè gbé sá lọ, ó ní olófòófó ni ṣá, àgbàlagbà tí kò ríṣẹ́ ṣe. Lójú ara mi, bàbá ìyàwó ni mí. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń bú mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń bú ènìyàn kì í lè pa ẹnu dé. Mo gbọ́ pé Káyọ̀dé ní ahun díẹ̀. Mo gbọ́ pé kì í mutí, kì í pariwo. Mo gbọ́ pé ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, pé àǹtí rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Matilda ló tọ́ ọ dàgbà, pé inú ilé àǹtí náà ló ṣì ń gbé, àti pé òun ló ń ra búrẹ́dì fún ní ìrọ̀lẹ́ torí pé eyín rẹ̀ kò gba nǹkan líle mọ́. Mo mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ti yanjú.

Ó wá ku ìjà. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, obìnrin oníkáàdì ní ẹni tẹ́ ẹ ń béèrè ló ń bọ̀ yẹn. Mo ti ìgbálẹ̀ kan sójú ọ̀nà. Ó fò ó kọjá. Mo dìde. Mo ní ìwọ, ṣé o fọ́jú ni? Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe máa ń fo ọjà àgbàlagbà nílé tí wọ́n bí ọ sí? Mo bú bàbá rẹ̀, mo bú bàbá bàbá rẹ̀, mo bú bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bú táì ọrùn rẹ̀, mo ní okùn ewúrẹ́ sàn jù ú lọ. Mi ò purọ́ fún ọ, mo gbádùn rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni bú dáadáa láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú. Ọmọkùnrin náà dúró. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó ní ẹ má bínú, bàbá, mi ò rí i ni. Ó dìde, ó bá mi gbé ìgbálẹ̀ náà kúrò lójú ọ̀nà, ó bi mí pé ṣé mo ti jẹun, ó sì ń já ọ̀rá búrẹ́dì rẹ̀ láti bù fún mi. Olúdayọ̀, níbẹ̀ gan-an, lórí ìdúró, ni mo ti fi àbúrò rẹ fún un nínú ọkàn mi.

Ìgbà yẹn ni ohùn kan ké lẹ́yìn mi pé yéè, bàbá oníbojì rèé!

Mo yí padà. Obìnrin tó ń wá yàrá ni. Mo ní ìwọ, o ò tíì wá sanwó. Ó ní ẹ̀yin, kí lẹ wá ṣe lójúde wa tẹ́ ẹ fi ń bú ọmọ mi? Mo ní ìgbálẹ̀ ni mò ń tà. Ó ní yàrá lòun náà ń wá. A wo ara wa. Káyọ̀dé wo àǹtí rẹ̀, ó wò mí, ọ̀rọ̀ náà yé e ju àwa méjèèjì lọ, ó tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àǹtí Matilda nìyẹn. Fọkanáísà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí táyà, ó ní olófòófó ti pàdé olófòófó, kí wọ́n lọ máa tẹ bébà ìkésíni.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, wọ́n rán àgbà méjì sí mi láti Ìdímù. Mo fún wọn ní iyán, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n yin Ṣìkẹ́mi, wọ́n yin ilé, wọ́n yin ìwọ tó wà ní Àbújá láìmọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n fọ ẹnu wọn, wọ́n ní ohun kan ló kù. Wọ́n ní Matilda fojú ara rẹ̀ rí ọkùnrin tó ń fún òkú ní tíì. Ó tún fojú ara rẹ̀ rí ọkùnrin kan náà tó ń bú ẹni ẹlẹ́ni lójú títì láìṣẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò pè mí ní wèrè o. Ẹni tó bá ní òun kò pè ọ́ ní wèrè, ó ti pè ọ́ tán. Wọ́n ní bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ tí Ṣìkẹ́mi máa bí fún àwọn ńkọ́? Káyọ̀dé ní òun kò ka nǹkan kan sí, Ṣìkẹ́mi lòun ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ó tún ní òun kò lè gbé ìyàwó tí ẹni tó tọ́ òun kò bá súre fún. Mi ò lè bá a wí. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ náà nìyẹn.

Má bínú sí Matilda. Èmi kò bínú sí i. Rídwàn rẹ jókòó sínú ọkọ̀ títí, ó rí búrẹ́dì. Matilda lo ìdajì òwúrọ̀, ó rí ohun tí mi ò fi han ìwọ ọmọ mi. Ká ní ìyá rẹ ló lọ sí ilé ẹlòmíràn, tó bá bàbá kan tó ń gbé tíì fún ibojì, a ò ní fi ọmọ síbẹ̀. Ìyá rẹ tú ìgbéyàwó kan ká ní Ìṣẹ̀rí-Olófin nítorí bàbá ọkọ tó ń dá rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà náà ní bí mo bá lè sọ lójú àwọn pé mo ti ṣíwọ́, ọ̀rọ̀ tán. Ṣìkẹ́mi sunkún, ó ní bàbá mi, ẹ ṣáà jẹ́ kí màmá sinmi títí ìgbéyàwó á fi kọjá. Mo gbìyànjú. Mo jí láàárọ̀, mo pa ẹnu mi dé, mo gbálẹ̀, mo bomi sí ewébẹ̀, mi ò wo ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí oòrùn máa fi gòkè, mo ti lọ sọ fún ìyá rẹ pé mò ń gbìyànjú láti má bá a sọ̀rọ̀.

Ta ni kí n bá sọ ọ́? Bí mo bá pè ọ́, o ní o wà ní mítíńgì. Ṣìkẹ́mi ti lọ síbi iṣẹ́. Tíṣà ń máàkì ìwé. Tíṣà tilẹ̀ ti kọ́ mi ní irọ́ kan, ó ní kí n sọ fún wọn pé àdúrà ni mò ń gbà níbẹ̀, pé wọ́n á gbà kíákíá. Òótọ́ ni, wọ́n á gbà. Ẹni tó bá bá Ọlọ́run tí kò rí rí sọ̀rọ̀, ẹlẹ́sìn ni. Èmi tí mò ń bá obìnrin tí mo bá sùn, tí mo bá dàgbà sọ̀rọ̀, wèrè ni. Mi ò ní pa irọ́ náà. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Èmi ni mo fọwọ́ pa ojú rẹ̀ dé. Mi ò retí kó dáhùn, nígbà tó wà láyé pàápàá, ìgbà mìíràn wà tí kì í dáhùn.

Wọ́n ní àwọn kò ní gbọ́ ẹjọ́ yìí lẹ́nu mi, torí pé ẹni tí wọ́n ń yẹ orí rẹ̀ wò kì í ṣe ẹlẹ́rìí orí ara rẹ̀. Wọn kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu Ṣìkẹ́mi, torí pé ọkọ ló ń wá. Àkọ́bí ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní kó o wá dúró níwájú Matilda ní Ìdímù, kó o sọ bóyá orí bàbá rẹ pé. Bó o bá ní ó pé, wọ́n á mú ọjọ́ ìdána. Bó o bá ní kò pé, wọ́n á kí wa, wọ́n á máa lọ.

Nígbà tó o bá ń bọ̀, mú owó páànù dání fún yàrá tó ń jò, má gbé e gba inú báǹkì onílẹ̀kùn yẹn, torí pé mi ò ní padà síbẹ̀. Fi díẹ̀ lé e fún òògùn ẹsẹ̀ mi, kó o sì ra bàtà fún Tíṣà, ó ti gbìyànjú lónìí. Olúwa á pa ọ́ mọ́ lójú ọ̀nà. Ilé rẹ kò ní tú. Ìyàwó rẹ á sin ọ́, o ò ní sin ín.

Gbọ́ o, láti ọjọ́ ìsìnkú ni o ò ti rí mi. O ò mọ̀ bóyá orí mi pé, fóònù kò lè sọ ìyẹn fún ọ. Kó o tó lọ dá wọn lóhùn, wá sùn nílé. Jí láàárọ̀, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ fún un. Má rán ẹnikẹ́ni. Ohun tó o bá rí ni kó o lọ sọ, má fi ti bàbá ṣe é. Bó o bá rí i pé mo ti ya wèrè, sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, kó o wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú ọmọ, kí wọ́n fi bàbá sílẹ̀ fún ọ. Mi ò ní jiyàn. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ bí. Láti òní lọ, mi ò sọ nǹkan kan mọ́ lórí ìgbéyàwó Ṣìkẹ́mi. Ọwọ́ rẹ ló wà.

Bàbá rẹ ní Ayọ̀bọ̀.